Tẹ́níìsì eléèyàn méjì ti àwọn obìnrin: Ohun tó yẹ kí òbí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Òwe yìí bá ẹ̀ka kan mu nínú eré tẹ́níìsì orí pápá, ìyẹn ìdíje tí obìnrin méjì ti máa ń dojú kọ obìnrin méjì. A kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìròyìn rẹ̀ bíi ti eléèyàn kan, bẹ́ẹ̀ òun ni ilẹ̀kùn tó lè tètè ṣí fún ọmọbìnrin tó mọ̀ ọ́n gbá, àmọ́ tí owó òbí rẹ̀ kò pọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gbá a

Gígùn pápá tẹ́níìsì jẹ́ mítà 23.77. Bí èèyàn kan bá ń kojú ẹnì kan, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 8.23, ṣùgbọ́n bó bá di eléèyàn méjì, wọn yóò fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kún un, yóò sì di mítà 10.97. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò máa gba ipò bíbẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ara wọn títí eré yóò fi parí.

Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ gba sẹ́ẹ̀tì méjì ló borí. Bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá gba sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, nínú ọ̀pọ̀ ìdíje àwọn tó ń fi tẹ́níìsì jẹun, wọn kì í gbá odidi sẹ́ẹ̀tì kẹta mọ́. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ ní pọ́ìntì 10, tó sì fi méjì ju èkejì lọ, ni yóò gbégbá orókè.

Bí wọ́n ṣe ń wọlé

Nínú ìdíje kéékèèké tí àjọ tẹ́níìsì lágbàáyé, ITF, ń ṣe kòkáárí, ẹgbẹ́ 16 ni wọ́n sábà máa ń gbà wọlé, ìyẹn obìnrin 32. Ẹgbẹ́ tó bá borí lẹ́ẹ̀mẹrin ti gba ife-ẹ̀yẹ nìyẹn. Nínú ìdíje mẹ́rin tó tóbi jù lágbàáyé, ẹgbẹ́ 64 ló ń wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ borí.

Ipò tí àwọn méjèèjì wà lágbàáyé ni wọ́n máa ń rò pọ̀ kí wọ́n tó mọ ẹgbẹ́ tó yẹ kó wọlé. Àmọ́ wọ́n máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ tó ń gbàlejò ìdíje náà, bí ipò wọn kò tilẹ̀ tí ì ga. Òfin kò sọ pé ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti wá, nítorí náà, ọmọ Ọ̀yọ́ lè bá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè pọ̀. Ẹni tó bá wọ ìdíje eléèyàn kan lè wọ eléèyàn méjì pẹ̀lú. Fún ọmọ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ rin ìrìn-àjò tó lé ní kìlómítà 200 dé Èkó, bí wọ́n bá lù ú lọ́jọ́ kìíní, owó ọkọ̀ rẹ̀ kò tí ì wọgbó.

Owó ibẹ̀ ńkọ́?

Kò yẹ kí wọ́n tan òbí jẹ lórí èyí. Ìdíje tó kéré jù fún àwọn obìnrin ní owó ẹ̀bùn 15,000 dọ́là lápapọ̀, àwọn eléèyàn kan ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn méjì ni yóò tún pín ìwọ̀nba tó kù fún ẹgbẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí kò bá ní olùrànlọ́wọ́ ni yóò fi owó ara rẹ̀ wọ ọkọ̀, tí yóò sì san owó ilé ìtura.

Àwọn tó ti rin ọ̀nà náà

Ẹgbẹ́ tẹ́níìsì Èkó tó wà ní Oníkàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1895, ti gbàlejò irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Sania Mirza, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, gba ife-ẹ̀yẹ l'Ékòó lọ́dún 2004, nígbà tí orúkọ rẹ̀ kò tí ì kàn. Lóṣù kẹrin ọdún 2015, ó di ẹni àkọ́kọ́ lágbàáyé nínú eléèyàn méjì, òun àti Martina Hingis sì gba Wimbledon lọ́dún náà.

Nílẹ̀ Áfíríkà, Cara Black, ọmọ Zimbabwe, gba Wimbledon eléèyàn méjì lọ́dún 2004, 2005 àti 2007. Ṣáájú wọn, lọ́dún 1956, Althea Gibson, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, àti Angela Buxton, ọmọ Júù láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ife náà pọ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni Venus àti Serena Williams, tí wọ́n wá sí Èkó lọ́dún 2012. Ìgbà 14 ni wọ́n dé àṣekágbá eléèyàn méjì nínú àwọn ìdíje ńláńlá, ìgbà 14 náà ni wọ́n sì borí.

Ilé ẹ̀kọ́ lè jẹ́ àtẹ̀gùn

Tẹ́níìsì wà lára eré ìdárayá tí àwọn fásitì Nàìjíríà fi ń figagbága nínú NUGA, tó bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1966. Fásitì wà nílùú méjèèjì: wọ́n dá LAUTECH sílẹ̀ n'Ógbòmọ̀ṣọ́ lọ́dún 1990, Ajayi Crowther sì bẹ̀rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ lọ́dún 2005.

Àwọn fásitì Amẹ́ríkà tún máa ń fún àwọn tó mọ tẹ́níìsì gbá ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Oyinlomo Quadre, ọmọ Nàìjíríà, gba ibẹ̀ dé Florida International University. Nígbà tí àwọn fásitì ibẹ̀ bá pàdé, eléèyàn méjì mẹ́ta ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbá, ẹgbẹ́ tó bá gba méjì nínú rẹ̀ ló ní pọ́ìntì àkọ́kọ́ nínú méje. Ìdí nìyí tí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi máa ń wá ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹlòmíràn gbá a. Òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dé irú ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó máa dá gbá a nìkan. Kó tètè wá ẹnì kejì fún un, kó má sì jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ náà kúrò nínú ìwé rẹ̀.