Ọ̀ṣọ̀rọ̀ Tí Kì Í Kán: Ìtàn Ìṣirò Kọ̀ǹpútà lórí Ọ́síjìn Olómi nínú Ẹ́ńjìnnì Rọ́kẹ́ẹ̀tì

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1962, ẹ́ńjìnnì F-1 kan bàjẹ́ lórí pèpéle àyẹ̀wò ní aṣálẹ̀ California. Ẹ́ńjìnnì irú èyí ni Amẹ́ríkà gbójú lé láti gbé ènìyàn dé inú òṣùpá. Iná inú rẹ̀ kò jó geere. Ó ń gbọ̀n, gbígbọ̀n náà sì pọ̀ débi tí irin kò lè gbà á mọ́ra. Kò sí kọ̀ǹpútà tí ó lè ṣàlàyé rẹ̀ nígbà náà. Ọgbọ́n tí NASA àti ilé-iṣẹ́ Rocketdyne dá ni pé wọ́n ń tún àwo onítòró-ihò tí epo àti ọ́síjìn ń gbà wọlé ṣe, wọ́n sì ń mọ̀ọ́mọ̀ yin bọ́ǹbù kékeré nínú iná náà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Àyẹ̀wò bí 2,000 ni ó gbà wọ́n. Ìwọ̀nba orílẹ̀-èdè ni ó lè ná irú owó bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ni àwọn yòókù ní láti gbára lé.

Àwòrán kan ni ìṣirò ìgbà náà dúró lé. Ọ́síjìn tí ó tutù dé −183 dígíríì Celsius ti di olómi. Bí ó bá tú jáde láti ẹnu ihò, a gbà pé yóò já sí ẹ̀kán, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan yóò sì gbẹ, yóò jó. Ẹnikẹ́ni tí ó ti wo ọ̀ṣọ̀rọ̀ òjò lábẹ́ òrùlé mọ àwòrán yìí. Bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi pẹ́ kí a tó bi í léèrè.

Ohun tí ń so ojú omi pọ̀ ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀kán rí róbótó. Ṣùgbọ́n bí ìfúnpá bá ju nǹkan bí ìlọ́po 50 ti afẹ́fẹ́ ayé lọ, tí ọ́síjìn sì móoru kọjá nǹkan bí −119 dígíríì, kò sí ààlà mọ́ láàárín olómi àti gáàsì. Ìfúnpá inú àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní ọdún 1996, Wolfgang Mayer, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Lampoldshausen ní gúúsù Jámánì, àti Hiroshi Tamura ará Jàpáánì, tẹ àwòrán ìyẹ̀wù ìjóná onífèrèsé jáde. Nígbà tí ìfúnpá kéré, ẹ̀kán wà. Nígbà tí ó ga, kò sí ẹ̀kán kankan: fọ́nrán-fọ́nrán ni ọ́síjìn ń yọ, tí ó ń pòórá bí èéfín.

Bí kọ̀ǹpútà ì bá ti yára tó, ẹ̀kán tí kò sí ni ì bá máa kà. Ní ọdún 1998, Joseph Oefelein àti Vigor Yang gbé ìṣirò mìíràn jáde, tí ó mú ọ̀ṣọ̀rọ̀ náà bí gáàsì kíkí tí ń dàrú mọ́ èkejì. Irú iṣẹ́ yìí nílò òfin tí ó so ìfúnpá, ìgbóná àti kíkí pọ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ sì ń lò lẹ́yìn náà, ti Peng àti Robinson ti ọdún 1976, ti inú iṣẹ́ epo rọ̀bì àti gáàsì wá ni. Kò sí rọ́kẹ́ẹ̀tì nínú èrò àwọn tí ó ṣe é.

Láti dán irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wò, náítrójìn ni a yàn, nítorí kì í jó. Mayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìmọ́lẹ̀ léésà wọn kíkí ọ̀ṣọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì náà jáde ní ọdún 2003. Ìjà dé. Ìṣirò sọ pé àárín ọ̀ṣọ̀rọ̀ yóò kí bákan náà fún ìwọ̀n àyè kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́. Ìwọ̀n sọ pé láti ẹnu ihò gan-an ni ó ti ń fẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníṣirò fi ń tún òfin ìdàrú wọn ṣe nítorí ìyàtọ̀ yìí. Ní ọdún 2016, Daniel Banuti àti Klaus Hannemann dábàá ìdáhùn mìíràn: ooru ara irin ti wọ inú náítrójìn náà kí ó tó jáde, nítòsí ibi tí ìgbóná díẹ̀ ti ń sọ ohun kíkí di fífẹ́lẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹnu ihò ni àwọn oníṣirò ṣì. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ẹnu ihò, láìka ọ̀nà tí náítrójìn ti rìn nínú irin kí ó tó débẹ̀.