Ògiri Ìpààlà Kì í Ṣe Ìwé Àṣẹ

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí iléeṣẹ́ kan bá ti lè sọ pé òun fi ògiri pààlà sáàárín àwọn òṣìṣẹ́ òun, ọwọ́ òfin kò lè tó o mọ́: ó lè gba iṣẹ́ oníbàárà kan lónìí, kó gba ti alátakò rẹ̀ lọ́la. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ògiri tí à ń wí ni ìlànà tí kì í jẹ́ kí àṣírí oníbàárà kan dé etí òṣìṣẹ́ tó ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Òfin fàyè gbà á. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1988 ló ti di dandan fún àwọn alágbàtà ìpín ìdókòwò láti ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ní àkọsílẹ̀. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kí ògiri wà, ọ̀tọ̀ ni kó ṣiṣẹ́.

Ẹjọ́ Prince Jefri Bolkiah, àbúrò Sultan ilẹ̀ Brunei, là á yé wa. Láàárín 1996 sí 1998, iléeṣẹ́ aṣírò-owó KPMG bá a ṣiṣẹ́ lórí ẹjọ́ kan. Òṣìṣẹ́ 168 ló lọ́wọ́ sí i, wọ́n sì mọ tinú tòde owó rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn parí tán, ni Àjọ Ìdókòwò Brunei, tí ọmọọba náà ti ṣe alága rẹ̀ rí, bá gba KPMG kan náà láti tọpa owó àjọ. Nígbà tí ọmọọba náà pè é lẹ́jọ́, KPMG ní kò séwu: ọ́fíìsì ọ̀tọ̀, kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀, òṣìṣẹ́ ọ̀tọ̀. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 1998, àwọn adájọ́ House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Bìrìtéènì nígbà náà, ní kí KPMG jáwọ́.

Lord Millett, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ẹni tí àṣírí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò ní jò. Oníbàárà àtijọ́ kò lè mọ ohun tó ń lọ nínú iléeṣẹ́ oníléeṣẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ó tún yẹ kí ògiri ti jẹ́ ara ètò iléeṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n sáré mọ nítorí iṣẹ́ kan, láàárín àwọn tó ti mọ́ lára láti jọ ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka kan náà. Bó bá sì jẹ́ oníbàárà tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́ ni, iléeṣẹ́ kò lè gba iṣẹ́ alátakò rẹ̀ àfi bí àwọn méjèèjì bá fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá fi ògiri yìí fi lọ́kàn balẹ̀, kó béèrè ìgbà tí wọ́n ti mọ ọ́n àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Iléeṣẹ́ tí kò bá rí ìdáhùn sí ìyẹn kò ní ohun tó máa fi han adájọ́.