Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìtàn Ojú Kọ̀ǹpútà àti Àmì Abẹ́ Lẹ́tà Yorùbá ní Òkè-Ògùn

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni méjì tó jókòó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá wí, pé kí oníkálukú máa wo ojú ẹnìkejì rẹ̀ kí ó lè mọ ohun tí ẹnu kò tíì sọ. Lóde òní, ojú mìíràn ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ojú kọ̀ǹpútà. Bí ojú yìí bá mọ́ gaara, èdè wa á hàn bó ti yẹ kó hàn. Bí ó bá ń ṣe bàìbàì, ọ̀rọ̀ kan á di òmíràn mọ́ òǹkàwé lójú. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe àtúnṣe ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ìtàn bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe kọ́ láti ríran kan àwa tí à ń kọ Yorùbá ju bí a ti rò lọ, pàápàá ní àwọn ibi tí ogún akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pín ọpọlọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo lò.

Ọmọ Òṣoògùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà

Òkè-Ògùn ni ilẹ̀ ọ̀dàn tó wà ní apá àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí àti Kíṣì, tó sì bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà. Ìjọba ìbílẹ̀ 10 ló wà níbẹ̀. Odò Ògùn ló fún un lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ yìí ṣe àpẹẹrẹ. Ògùn ni odò, Ògún ni òrìṣà irin, ogun ni ìjà, ogún ni ohun tí baba fi sílẹ̀ fún ọmọ, oògùn sì ni èyí tí aláìsàn ń lò. Bí a bá ká àmì orí wọn kúrò, mẹ́rin nínú márààrún á di ọ̀kan ṣoṣo.

Ní Òkè-Ògùn yìí náà ni a bí Samuel Àjàyí Crowther sí, ní Òṣoògùn tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú kó ìlú náà, tí wọ́n sì mú ọmọdékùnrin yìí lọ. Ní 1843 ni àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé gírámà rẹ̀ sì tún jáde ní 1852. Fáwẹ̀lì márùn-ún tí lẹ́tà àwọn ará Róòmù ní kò tó fún fáwẹ̀lì méje tiwa. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ CMS wá fẹnu kò sí i pé kí a máa fi àmì sí abẹ́ e, o àti s. Ìpàdé tí CMS ṣe ní Èkó ní 1875 tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀wò. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ àkọtọ́ ti 1966 àti ìfọwọ́sí ti 1974 ló sì mú wa dé àkọtọ́ tí à ń lò nílé-ìwé lónìí.

Lórí bébà, ẹni tó bá mú kálámù lè fa àmì náà tó bó ṣe wù ú. Kọ̀ǹpútà kò fún wa ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Láti 1993 ni Unicode 1.1 ti ní ẹ, ọ àti ṣ. Àwa àti àwọn ará Vietnam la jọ ń lo ẹ àti ọ. Àmọ́ kò sí àyè kan pàtó fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmì ohùn ní tirẹ̀, fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ gbé èkejì lé èkíní lórí. Ìyẹn ni pé ọ̀ kan ṣoṣo jẹ́ ilé alájà mẹ́ta: àmì ohùn lókè, lẹ́tà láàrin, àmì abẹ́ nísàlẹ̀. Ilé alájà mẹ́ta kò ṣe é kọ́ sórí ilẹ̀ tó fún jù.

Ojú lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọpọlọ nínú sáfà

Ní 1984, ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, Robert Scheifler àti Jim Gettys bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí X Window System. Ohun tó mú X yàtọ̀ ni pé ètò kan lè máa ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ kan, kí àwòrán rẹ̀ máa hàn lójú ẹ̀rọ mìíràn tó jìnnà sí i. Ẹ̀yin onímọ̀ èdè á gbádùn èyí: nínú èdè X, ẹ̀rọ tó wà níwájú wa, tó ń ya àwòrán, ló ń jẹ́ server, ètò tó ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn ló ń jẹ́ client. Òdìkejì ohun tí àwọn yòókù ń pè wọ́n nìyẹn, ó sì ti da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lórí rú.

Linus Torvalds gbé Linux jáde ní Finland ní 1991. Ní 1999, Jim McQuillan ní Amẹ́ríkà gbé Linux Terminal Server Project kalẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí LTSP. Òun ló sọ thin client di ohun tí ilé-ìwé lásán lè ní. Thin client jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí kò nílò háàdì-díìsì. Bí a bá tàn án, orí nẹ́tíwọ̀kì ló ti ń gba Linux láti ọ̀dọ̀ sáfà. Ní ìlànà àkọ́kọ́ LTSP, sáfà náà ló tún ń ṣe gbogbo ìrònú. Iṣẹ́ thin client ni láti fi àwòrán han akẹ́kọ̀ọ́, kó sì gbọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀. Ní 2005 ni Edubuntu kó o pọ̀ mọ́ ohun èlò fún ilé-ìwé.

Ìlànà yìí bá ọ̀dàn mu nítorí ọ̀rọ̀ iná. Thin client kan lè má jẹ ju wáàtì 10 sí 20 lọ, nígbà tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ pẹ̀lú mọ́nítọ̀ onígò rẹ̀ máa ń jẹ ju 100 lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, Oke-Ogun Community Development Network ní ibùdó ìsọfúnni kan ní Àgọ́-Àrẹ, fún àwọn ará ìlú tí íntánẹ́ẹ̀tì jìnnà sí. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ ló ń pinnu iye wákàtí tí ọmọ ìlú á fi jókòó tì í, ìbáà jẹ́ iná jẹnẹrétọ̀ tàbí ti oòrùn.

Òwú àti píksẹ́lì

Ẹni tó bá dé Ìsẹ́yìn rí mọ aṣọ òfì. Kí ahunṣọ tó jókòó, ó ti ka iye òwú tí yóò ta. Iye yẹn ló ń pinnu ìbú aṣọ náà àti irú ọnà tó lè wà lára rẹ̀. Píksẹ́lì ni òwú ojú kọ̀ǹpútà. VGA tí IBM gbé jáde ní 1987 ní 640 ní ìbú àti 480 ní òòró, àpapọ̀ 307,200. Nígbà tó yá, 1024×768 di àṣà, ìyẹn 786,432. Mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú tó wá kún ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì wa sábà máa ń ní 1366×768, ìyẹn 1,049,088.

Mọ́nítọ̀ onígò kì í bá ènìyàn jà. Ó lè gba ìwọ̀n bíi mẹ́ta mẹ́rin, kó sì fi gbogbo wọn hàn dáadáa. Mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ta òwú rẹ̀ pa. Bí thin client bá fi 1024 ránṣẹ́ sí ojú tó ní 1366, mọ́nítọ̀ á máa na òwú mẹ́ta láti fi dí àyè mẹ́rin. Àwòrán ènìyàn á kàn sanra díẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì abẹ́ ọ, tó lè jẹ́ píksẹ́lì kan ṣoṣo, á pín sí méjì, á sì ràn bí eérú. Òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì kò ní pàdánù nǹkan kan. Òǹkàwé Yorùbá á rí oko níbi tí ọkọ̀ wà.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ ojú tó ní

Láyé XFree86, ọwọ́ ni a fi ń kọ ìwọ̀n mọ́nítọ̀ sínú fáìlì XF86Config. Ìlà nọ́ńbà gígùn kan, tí wọ́n ń pè ní modeline, ló ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe sáré lójú gíláàsì. Bí nọ́ńbà bá ṣì, ojú á ṣókùnkùn. Mọ́nítọ̀ àtijọ́ mìíràn tilẹ̀ lè bàjẹ́. Ní 1994, ẹgbẹ́ VESA gbé ìlànà EDID jáde. Bí àlejò tó dé ààfin ṣe máa ń sọ orúkọ rẹ̀ àti ilé tó ti wá, bẹ́ẹ̀ ni mọ́nítọ̀ náà ń fi báìtì 128 sọ ẹni tó jẹ́ àti iye píksẹ́lì tó ní. Wáyà wẹ́wẹ́ inú okùn VGA ni ọ̀rọ̀ náà ń gbà kọjá.

Níbí ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí okùn bá jẹ́ ayédèrú, bí a bá so okùn méjì pọ̀ kó lè gùn, tàbí bí ẹ̀rọ olùpín bá wà láàrin, àwòrán á kọjá, ṣùgbọ́n EDID lè má dé. X á wá mú 1024×768 tàbí ìwọ̀n tó kéré sí i, nítorí pé ẹni tí kò mọ àlejò rẹ̀ kò lè mọ oúnjẹ tó yẹ ẹ́. Mo ti rí èyí ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Ṣakí. Mọ́nítọ̀ tuntun ni, lẹ́tà sanra, àmì abẹ́ ti ràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì gbà pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá. Kọ̀ǹpútà gbọ́ Yorùbá. Ojú rẹ̀ ni kò là.

Ìwọ̀n 1366 yìí tún ní àlọ́ tirẹ̀. Ibì kan wà nínú EDID tí wọ́n ti ń pín ìbú sí ọ̀nà 8, kí wọ́n tó yọ 31 kúrò, kí èsì lè gba inú báìtì kan ṣoṣo. Mẹ́jọ lọ́nà 170 jẹ́ 1360, mẹ́jọ lọ́nà 171 sì jẹ́ 1368. 1366 kò bọ́ sí èyíkéyìí. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá tẹ cvt 1366 768 lórí Linux fi máa ń gba 1368×768, tí ojú ìwé á fi yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ tàbí kó máa ràn.

Ìlànà àtúnṣe

Nígbà tí X.Org gba ipò lọ́wọ́ XFree86 ní 2004, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọrùn. Ní 2007, RandR 1.2 mú kí á lè fi àṣẹ xrandr gbé ìwọ̀n tuntun wọlé láìpa ẹ̀rọ. Ní 2009, kernel Linux 2.6.29 bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ yìí sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà kọ́ wa rèé, ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé.

Èkíní, ẹ yẹ okùn wò kí ẹ tó fọwọ́ kan fáìlì. Ẹ yọ olùpín àti àfikún okùn, kí ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń parí.

Èkejì, ẹ tẹ xrandr lórí thin client tí ojú rẹ̀ kò dára. Bí ìwọ̀n mọ́nítọ̀ náà bá wà níbẹ̀, ẹ yàn án. Bí kò bá sí, EDID ni kò dé. Ẹ lọ sí thin client mìíràn tó ní irú mọ́nítọ̀ kan náà tí ojú rẹ̀ sì dára, kí ẹ da modeline tirẹ̀ kọ. Ó sàn ju ti cvt lọ fún 1366. Ẹ fi --newmode àti --addmode gbé e wọlé, kí ẹ fi --output àti --mode yàn án. Bí ó bá jẹ́ Wayland lẹ ń lò, xrandr kò ní agbára yìí. Inú ètò tábìlì fúnra rẹ̀ ni ẹ ó ti ṣe é.

Ẹ̀kẹta, ohun tí xrandr ṣe kì í pẹ́. Bí iná bá lọ, òun náà á lọ. Orí sáfà ni kí ẹ kọ ọ́ sí, nínú lts.conf fún LTSP àtijọ́, tàbí ltsp.conf fún èyí tí wọ́n tún kọ láti 2019. Àdírẹ́sì MAC thin client kọ̀ọ̀kan lè ní abala tirẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ojú kò dọ́gba. Bí okùn burúkú kò bá ṣe é pààrọ̀, ẹ lè da EDID mọ́nítọ̀ kan pa mọ́, kí ẹ sì fi drm.edid_firmware sọ fún kernel pé ibẹ̀ ni kí ó ti kà á.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Bí ẹ bá lè fi ojú lásán ya ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ìrìnnà àti ọ̀kọ̀ ọdẹ sọ́tọ̀ láti ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó sí, àtúnṣe ti parí.

Ìdí tó fi kàn wá

Ní 2013 ni JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún UTME, ó sì di ti kọ̀ǹpútà pátápátá ní 2015. Yorùbá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè yàn níbẹ̀. Ìgbà tó jẹ́ orí bébà ni wọ́n ti ń dán ọmọ wò, àmì tí kò hàn dáadáa jẹ́ ẹ̀bi ìtẹ̀wé, gbogbo ọmọ ló sì ń pín in jẹ. Nínú gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà, ojú kan lè là kí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má là. Ọmọ méjì lè jókòó ti ara wọn, kí ọ̀kan rí ogún, kí èkejì rí ogun, nítorí okùn kan lásán.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́rọ nìkan. Ẹlẹ́rọ lè wo ojú tó ràn kó ní ó ti tó, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tó ń kà níbẹ̀ kò ní àmì abẹ́. Àwa la mọ ohun tó sọnù. Ọmọ Òṣoògùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àmì kékeré kan sí abẹ́ lẹ́tà kí ọ̀rọ̀ wa má baà dàrú mọ́ra. Píksẹ́lì kan péré ni àmì náà ń bẹ̀ wá fún lónìí. Ẹ jẹ́ kí a fún un.