Àdéhùn Lórí Pínpín Owó Ìjọba Àpapọ̀ Láàrin 1979 sí 1982 àti Ìpín Tí Ó Kan Owódé

Owó tí àwọn aṣọ́bodè ń gbà lórí ẹrù ní Ìdí-Ìrókò kì í dúró ní Owódé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀nà ibodè náà ni ìlú yìí wà. Inú àpò àpapọ̀ tí ìwé òfin 1979 dá sílẹ̀ ni ó ń lọ, kí wọ́n tó pín in fún ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn lórí ìlànà ìpín fi kan Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹ̀gbádò Gúúsù, tí ó di Yewa Gúúsù lẹ́yìn náà.

Ẹgbẹ́ kankan kò lè dá ṣòfin nígbà náà. NPN ti Ààrẹ Shehu Shagari ní ìjókòó 168 péré nínú 449 ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin. Ó bá NPP, tí ó ní 78, dòwò pọ̀. Ní 1980, ìgbìmọ̀ Pius Okigbo dábàá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba Shagari fẹ́ dín in kù sí 8. Nígbà tí Ilé Aṣojú-ṣòfin àti Ilé Aṣòfin Àgbà kò fẹnu kò, ìgbìmọ̀ alápapọ̀ kan ni ó parí ọ̀rọ̀. Ààrẹ buwọ́ lù ú ní 1981, láìjẹ́ pé àbádòfin náà padà sí ilé méjèèjì fún ìdìbò.

Ìpínlẹ̀ Bendel, tí Gómìnà Ambrose Alli ti UPN ń ṣàkóso, pẹjọ́. Ní oṣù kẹwàá 1981, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, lábẹ́ Adájọ́ Àgbà Atanda Fatayi-Williams, fagi lé òfin náà. Àwọn kan ka ìdájọ́ yìí sí ìṣẹ́gun UPN lórí NPN. Èrò yẹn kò kún tó. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣòfin ni ẹjọ́ dá lé: ìgbìmọ̀ kò lè dìbò dípò ilé.

Àdéhùn NPN àti NPP ti tú ká kí ìdájọ́ tó jáde. Òfin tuntun ti 1982 fún ìjọba àpapọ̀ ní 55, ìpínlẹ̀ 35, ìjọba ìbílẹ̀ 10. Nínú owó tí àwọn ìpínlẹ̀ ń pín láàrin ara wọn, iye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ń pinnu ìdá 15. Níbí gan-an ni ìfarajìn ti hàn: 11.25 ń lọ síbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀, èyí tí ó bá Gúúsù lára mu, 3.75 ń lọ síbi tí wọn kò ti pọ̀, èyí tí ó tu Àríwá nínú. Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí Gómìnà Ọlábísí Ọnàbánjọ ti ń ṣe ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wá di ìpínlẹ̀ tí rẹ́jísítà olùkọ́ ń mú owó wọlé fún, títí kan ti àwọn olùkọ́ Owódé.