Rélùwéè Kékeré Ìgboro Èkó

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin ìgboro Èkó lónìí, a máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ohun tí ojú kò rí rí ni. Bẹ́ẹ̀ ni ní 1902, nígbà tí gbogbo ará Èkó kò ju bí ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn lọ, rélùwéè kékeré kan ti ń fọn fèrè láàárín ìlú.

Ohun tó bí i kò fara sin. Rélùwéè ńlá tí wọ́n là dé Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1901, kò wọ erékùṣù Èkó. Ìddó ló parí sí. Lórí erékùṣù sì ni ọjà wà, ibẹ̀ ni ilé àwọn oníṣòwò ńlá wà, ibẹ̀ náà ni èbúté kọ́sítọ́ọ̀mù wà. Ọ̀sà ló là wọ́n láàárín. Nígbà tí wọ́n ti kọ́ Afárá Carter, tó so Ìddó mọ́ Ìdúmọ̀tà, ìjọba Gómìnà MacGregor la irin gba orí rẹ̀ kọjá títí dé etí omi lápá kọ́sítọ́ọ̀mù. Omi híhó ló ń ti ẹ̀rọ ọkọ̀ náà. Ó ń kó èrò, ó sì ń kó ẹrù.

Ibi tí ètò náà ti kù díẹ̀ káàtó nìyí. Àárín irin rélùwéè ńlá fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ìnṣì 6. Ti kékeré jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ìnṣì 6. Ẹsẹ̀ bàtà kan péré! Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó wà lórí ọ̀kan kò lè rìn lórí èkejì. Àpò èkùrọ́ tó bá ti òkè wá ní láti sọ̀kalẹ̀ ní Ìddó, kí alááàrù gbé e sínú ọkọ̀ mìíràn, kí wọ́n tó tún un sọ̀ létí omi. Mo mọ àwíjàre wọn: irin tóóró kò náni lówó púpọ̀, ó sì rọrùn fún un láti yí kọ́nà níbi tí títì bá ti há. Lójú tèmi, owó ìkọ́lé ni wọ́n wò, wọn kò wo owó alááàrù tí yóò máa jáde lójoojúmọ́.

Ní nǹkan bí 1914, èrò kíkó dópin. Ohun tó ṣẹ́ kù fún irin náà láti rù, ẹ forí jì mí, ìgbẹ́ ni. Àwọn agbépóò a kó o jọ lóru, ọkọ̀ a gbé e lọ dà sínú ọ̀sà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, nítorí ìlú ti ń kún, ìlera gbogbo ènìyàn sì wà nínú rẹ̀. Ní 1933, èyí náà kógbá sílé.

Gómìnà Jakande tún dáwọ́ lé irú rẹ̀ ní 1983. Ìjọba ológun fagi lé e ní 1985, lẹ́yìn tí owó gọbọi ti bá a lọ. Ìgbà tó di oṣù kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Mile 2 kọjá ọ̀sà dé Marina.

Ti èkejì, tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Àgbádò ní oṣù kẹwàá 2024, Ọyíngbò ni ìpele rẹ̀ kìn-ín-ní parí sí, nítòsí Ìddó àtijọ́ gan-an. Níbẹ̀ ni ẹni tó ń lọ Ìdúmọ̀tà ti sọ̀kalẹ̀, tó ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e kọjá omi.