Ọ̀pẹ̀lẹ̀ Lójú Pátákó

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Thomas Estate, lágbègbè Ajah, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama mélòó kan ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Wọ́n mọ orúkọ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà bí ẹni ń ki oríkì. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan bi mí pé: "Ẹ jọ̀ọ́, sà, bí ó bá jẹ́ òdo àti oókan nìkan ni ẹ̀rọ yìí gbọ́, báwo ni ó ṣe ń mọ A yàtọ̀ sí B?"

Mo mú ẹfun, mo ya ọ̀pẹ̀lẹ̀. Awẹ́ mẹ́jọ ni ó ní, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dojú dé. Kò sí ẹ̀kẹta. Awẹ́ kan, ọ̀nà 2; awẹ́ méjì, ọ̀nà 4; títí ó fi di 256, iye odù Ifá gan-an. Bíìtì mẹ́jọ kan náà ni ó wà nínú báìtì kan. Bí ṣíṣí bá jẹ́ oókan, A ni èyí tí awẹ́ kejì àti ìkẹjọ nìkan ṣí nínú rẹ̀. (Kí àwọn awo má bínú, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ka tiwọn.)

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí i. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1983, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Longe ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ifá dídá àti ìmọ̀ ẹ̀rọ yìí ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1988, Ìjọba Àpapọ̀ gbé ìlànà kíkọ́ rẹ̀ jáde: kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, kí ó tó dé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá ẹ̀rọ pínpín. Níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ tàbí iná mànàmáná, ẹfun ni olùkọ́ fi ń ya mọ́nítọ̀ fún ọmọ láti há sórí. Èmi kò bá wọn wí nítorí ẹfun. Àwòrán tí wọ́n yà ni mo bá wọn wí, nítorí ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò béèrè iná. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pín Ọpọ́n Ìmọ̀ ní 2013, orúkọ ọpọ́n Ifá ni wọ́n yá. Ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ni ó pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọmọ náà wo pátákó títí. "Sà, Ẹ ńkọ́? Ẹ ni orúkọ mi fi bẹ̀rẹ̀."

Ẹ kò sí nínú 256 tí àwọn òyìnbó kọ́kọ́ tò fún èdè tiwọn. Nínú ìlànà UTF-8 tí ayé ń lò lónìí, báìtì mẹ́ta ni ó ń gbà. Mo na ẹfun sí i, mo ní kí ó ya ọ̀pẹ̀lẹ̀ méjì kún un.