Bíkọ́nì Tó Lórúkọ: Láti Romeoville Dé Omi Òkèèrè

Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ omi tó gba Romeoville kọjá, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Oṣù kìíní ọdún 1900 ni wọ́n ṣí i. Nǹkan bíi máìlì 28 ni ó gùn, láti Chicago dé Lockport, kí ìdọ̀tí ìlú má baà máa ṣàn lọ sínú adágún Michigan tí àwọn ará Chicago ń mu. Iṣẹ́ yẹn yí ìṣàn odò Chicago padà, ó sì la ọ̀nà fún ọkọ̀ láti inú adágún lọ sí odò Mississippi. Báyìí ni Romeoville, tó jìnnà réré sí òkun, ṣe bọ́ sójú ọ̀nà òkun. Ọkọ̀ kékeré tó kúrò ní Chicago lè gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé etíkun tó wà ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kí ó yí Florida ká, kí ó sì tún gòkè padà sí àwọn adágún ńlá. Great Loop ni àwọn arìnrìn-àjò ń pe ọ̀nà náà, ó sì tó nǹkan bíi máìlì 6,000. Ẹlòmíràn a gba omi Canada, ẹlòmíràn a yà sí Bahamas.

Ní Romeoville fúnra rẹ̀, ewu tó wà nínú omi kì í ṣe ti ìgbì. Láti ọdún 2002 ni wọ́n ti ń tan iná mànàmáná sínú omi ibẹ̀ kí ẹja carp láti Éṣíà má baà wọ adágún. Nítorí náà, ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà kò gba ọkọ̀ tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ láyè níbẹ̀, ẹni tó bá sì dúró ní gbangba orí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù ìléfòó. Bíkọ́nì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ké pe sátẹ́láìtì nígbà ewu, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò níbi tí bèbè wà nítòsí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ bá pòórá lójú ni ènìyàn ń mọ ìwúlò rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1972, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan sọnù ní Alaska pẹ̀lú àwọn aṣòfin Hale Boggs àti Nick Begich. Ọjọ́ 39 ni wọ́n fi wá a, wọn kò rí i títí di òní. Àdánù yìí wà lára ohun tó mú kí Amẹ́ríkà ronú pé kí sátẹ́láìtì máa gbọ́ igbe ẹni tó wà nínú ewu. Ní ọdún 1979, Amẹ́ríkà, Canada, Faransé àti Soviet fọwọ́ sí àdéhùn ètò Cospas-Sarsat, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà àti Soviet kò finú tán ara wọn. Soviet ju sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ fún ètò náà sókè ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1982. Nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án, sátẹ́láìtì náà ti jẹ́ kí wọ́n rí àwọn mẹ́ta tí ọkọ̀ òfurufú wọn já ní British Columbia, wọ́n sì gbà wọ́n là. Inú ẹni ń dùn láti rántí pé ohun tí Soviet ṣe ló gba ẹ̀mí là ní Canada nígbà náà.

Bíkọ́nì ìgbà náà ń ké lórí 121.5 MHz, àbùkù rẹ̀ sì pọ̀. Kò lè sọ orúkọ ẹni tó ń ké, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú igbe tí wọ́n ń gbọ́ jẹ́ irọ́. Èyí tó burú jù fún ẹni tó wà lómi òkèèrè ni pé sátẹ́láìtì kò lè tọ́jú igbe náà: bí kò bá sí ibùdó ìgbohùn nítòsí lórí ilẹ̀, igbe náà ṣòfò. Bíkọ́nì 406 MHz ló tún èyí ṣe. Ó ń fi nọ́ńbà tirẹ̀ ránṣẹ́, sátẹ́láìtì sì lè pa á mọ́ títí yóò fi dé orí ibùdó kan. Ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2009 ni sátẹ́láìtì dẹ́kun gbígbọ́ 121.5. Ìró yẹn ṣì wà nínú bíkọ́nì òde òní, ṣùgbọ́n àwọn olùgbàlà tó ti sún mọ́ tòsí ló ń tọ́ sọ́nà.

Nọ́ńbà yìí ni ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra bíkọ́nì kọ́kọ́ rò, kó tó ro iye owó. Àmì orílẹ̀-èdè wà nínú rẹ̀: 366 jẹ́ ọ̀kan lára ti Amẹ́ríkà, 657 ni ti Nàìjíríà, 610 ni ti Benin. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ sí ni àmì náà ń tẹ̀lé, ibi tí ọkọ̀ wà kò yí i padà. Bí ọkọ̀ láti Illinois bá ń rì ní Bahamas, àkọsílẹ̀ bíkọ́nì ti Amẹ́ríkà ni àwọn olùgbàlà yóò wò láti mọ olówó ọkọ̀ àti nọ́ńbà fóònù ẹbí rẹ̀. NOAA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́, ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ yìí, òun kan náà ló ni ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ tó wà ní Romeoville. Ọdún méjì méjì ni olówó bíkọ́nì gbọ́dọ̀ máa sọ ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ dọ̀tun. Orílẹ̀-èdè tí kò ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lè lo ti àgbáyé tí wọ́n ṣí ní ọdún 2006.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lórí omi. EPIRB jẹ́ ti ọkọ̀: ó ń léfòó, bátìrì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún wákàtí 48 ó kéré tán, òmíràn a sì tú ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá rì. PLB kéré, ara ènìyàn ló ń gbé, wákàtí 24 sì ni tirẹ̀. Fún ẹni tó ni ọkọ̀ tó sì fẹ́ ré òkun kọjá, EPIRB ni kó rà. Ẹni tó máa ń háyà ọkọ̀ nílùú onílùú yóò jàǹfààní PLB jù, nítorí orúkọ tirẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, ó sì lè kọ ìrìn àjò rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ kó tó gbéra. Kí méjèèjì ní GPS nínú: láìsí i, ibi tí sátẹ́láìtì ń tọ́ka sí lè yẹ̀ ní kìlómítà mélòó kan.

Bí wọ́n bá ta ọkọ̀ Chicago fún ará Èkó, bíkọ́nì rẹ̀ ṣì ń pe ara rẹ̀ ní ará Amẹ́ríkà títí oníṣẹ́ tó láṣẹ yóò fi yí nọ́ńbà rẹ̀ padà sí ti Nàìjíríà, níbi tí NEMA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ti ń gba ìkéde bẹ́ẹ̀ ní Abuja. Tẹ́lẹ̀, dídúró de ìgbà tí sátẹ́láìtì yóò gbọ́ igbe tún máa ń pẹ́ ní apá ibi tí Èkó wà, nítorí àwọn sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ kì í kọjá níbẹ̀ lemọ́lemọ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá ní apá àríwá. Láti oṣù kejìlá ọdún 2016 ni àwọn sátẹ́láìtì Galileo, GPS àti Glonass ti ń dín ìdúró náà kù. Láti ọdún 2020, Galileo lè dá àwọn bíkọ́nì kan lóhùn pé a ti gbọ́ igbe wọn. Ìdáhùn yẹn kò túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ìgbàlà ti gbéra, ọwọ́ orílẹ̀-èdè tó ni omi náà lèyí wà. Níbi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ṣọ̀wọ́n, rédíò VHF lórí ìkànnì 16 àti EPIRB tó ní AIS, ìyẹn àmì tó ń hàn lójú ẹ̀rọ àwọn ọkọ̀ mìíràn, ló ń jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ tó wà nítòsí mọ̀.